Ẹ̀kọ́ Àtòkèèrèkọ́ àti Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè Amúlò ní Nàìjíríà: Láti Ayé Lẹ́tà Títí Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá wo bí ìmọ̀ ìwé gíga ṣe wọ ilẹ̀ wa, a ó rí i pé òdìkejì òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe: òde ni wọ́n ti ń lọ kó ẹ̀ṣọ́ wálé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ èdè ní láti fi iṣẹ́ àti ẹbí sílẹ̀, kí ó lọ jókòó ti àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Èkó tàbí ní Ìlọrin. Bí ó bá ní ọlá tàbí alátìlẹyìn, ó lè kọjá òkun. Lóde òní, ọ̀nà mìíràn ti là. Olùkọ́ èdè kan lè wà ní ìlú kékeré, kí ó máa kọ́ ọmọ ní ọ̀sán, kí ó sì máa ka ìwé oyè M.A. nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́.

Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo irú oyè bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan gbà pé ó dára. Àwọn mìíràn a máa bi ẹni tí ó gbà á léèrè bóyá ó kàwé rárá. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lójú olùkọ́ tí ó ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, tàbí lójú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fi owó oṣù rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni láti fi ìtàn dá ìbéèrè náà lóhùn. A ó wo ibi tí ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ ti ṣẹ̀ wá, bí ó ṣe pàdé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò, ohun tí ó gbé e ṣubú ní Nàìjíríà ní 1984, bí ó ṣe tún dìde, àti ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá.

2. Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Méjì

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ là á yé ara wa ohun tí a ní lọ́kàn. Ohun tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ ni ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kò ti sí lójú kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ó fi jẹ́ pé ohun kan ní láti gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ohun náà lè jẹ́ lẹ́tà, ìwé tí a tẹ̀, rédíò, kásẹ́ẹ̀tì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Àbúrò ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò, ní tirẹ̀, ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń mú ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè rí lọ sí ibi tí ìṣòro èdè wà láwùjọ. Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè kejì, bí a ṣe ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè, bí a ṣe ń dá èdè-ìperí sílẹ̀, bí a ṣe ń dán ìmọ̀ èdè wò, bí a ṣe ń túmọ̀ ìwé, àti èdè tí ìjọba yóò fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Gírámà lè wà fún ara rẹ̀ nínú ìwé. Ìmọ̀ amúlò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe bí kò bá sí kíláàsì, ilé-iṣẹ́, ilé-ẹjọ́ tàbí ìdílé tí ọ̀rọ̀ èdè ti ń fa wàhálà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí àríyànjiyàn wa, a ó sì padà sí i.

3. Ayé Lẹ́tà

Ní 1840, tí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí fi ìfìwéránṣẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe iṣẹ́ tí a fún un, yóò fi ránṣẹ́, olùkọ́ yóò sì tún un ṣe padà. Ní 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ tuntun tí ó fún ẹnikẹ́ni láyè láti jókòó fún ìdánwò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan pàtó. Láti ìgbà náà ni a ti ya ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn ti kàwé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ bóyá ó mọ̀wé. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ dúró lé lórí títí di òní. Ní 1894, a dá Wolsey Hall sílẹ̀ ní Oxford, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó fẹ́ ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni àwọn kan nínú àwọn aṣáájú wa gbà. Alvan Ikoku gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní 1928 gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèèrè. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú gba oyè nínú ìmọ̀ okòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù kan náà ní 1944, nígbà tí ó ṣì ń gbé ní ilẹ̀ yìí tí ó sì ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ òfin. Kò sí àní-àní pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ le. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé lẹ́tà, olùkọ́ kò sí nítòsí láti tú ohun tí ó ta kókó, àtùpà ni a sì fi ń kàwé lóru. Síbẹ̀, a kò gbọ́ pé ẹnì kan fi ojú kékeré wo oyè Awólọ́wọ̀ nítorí pé kò jókòó ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun kan tún wà tí a sábà máa ń gbàgbé. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà títí tí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962. Òótọ́ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní olùkọ́ lójúkojú, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó wà lẹ́yìn oyè wọn wà ní òkèèrè. Nítorí náà, bí a bá wo ìtàn dáadáa, oyè tí àṣẹ rẹ̀ ti òkèèrè wá wà lára ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìwé gíga ní Nàìjíríà. Kì í ṣe àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn.

4. Bí Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè Amúlò Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò kò dàgbà púpọ̀. Ní 1941, a dá ilé-ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Charles Fries, ibẹ̀ náà ni ìwé àtìgbàdégbà Language Learning ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ní 1957, Yunifásítì Edinburgh dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò sílẹ̀, J. C. Catford sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1959, a dá àjọ kan fún iṣẹ́ kan náà sílẹ̀ ní Washington lábẹ́ Charles Ferguson, àjọ àgbáyé ti àwọn onímọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ìdí tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ogun Àgbáyé Kejì ti fi hàn pé ó yẹ kí á tètè máa kọ́ ènìyàn ní èdè àjèjì. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó sì ń gba òmìnira nílò olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀lọpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ ni ó bí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, òórùn ibi tí a bí i sí kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò jókòó lásán. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1963, ìwé rẹ̀ lórí gírámà Yorùbá sì jáde ní 1966. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì ìfiwéra, ní tiwọn, lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àbọ̀ tí Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1989 ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Bákan náà, ìwé èdè-ìperí Yorùbá apá kìíní jáde ní 1984 lábẹ́ ìtọ́jú Bámgbóṣé, apá kejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ ìtọ́jú Ọládélé Awóbùlúyì. Ohun tí a rí fà yọ ni pé àwọn àgbà wa gba irin-iṣẹ́ tí a rọ fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ro oko Yorùbá.

Síbẹ̀, ènìyàn díẹ̀ ni ó rí irin-iṣẹ́ náà gbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá lójoojúmọ́ ni kò ní àǹfààní àtilọ sí yunifásítì fún oyè kejì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ ti wọlé.

5. Ìgbìyànjú Ilẹ̀ Wa àti Ìṣubú 1984

Ní 1974, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka tí ó ń fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fún àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Kàdúná, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí N.T.I. Ìdí pàtàkì ni pé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà, ọmọ sì pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Kò ṣeé ṣe láti kó àwọn olùkọ́ tí kò tíì gba ìwé-ẹ̀rí kúrò ní kíláàsì kí a máa wá kọ́ wọn. Ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ? Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni kí ẹ̀kọ́ bá wọn níbi iṣẹ́.

Láti ibẹ̀ ni èrò yunifásítì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ti dìde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1969, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1971. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, 1983, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, òfin tí ó dá tiwa sílẹ̀ jáde. Ẹni tí a fi ṣe gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó kọ ìwé lórí àṣà Yorùbá ní 1966. Òpin ọdún náà ni àwọn ológun gba ìjọba. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari dá yunifásítì náà dúró. Àìtó owó àti àìtó ohun amáyédẹrùn ni ìdí tí wọ́n sọ. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ nígbà náà, iná mànàmáná àti tẹlifóònù kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé; a kò lè sọ pé ìdí náà kò ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni láàánú ni pé àwọn tí wọ́n dá a dúró nítorí wọn, ìyẹn àwọn tí ibi ìgbé wọn kò ní ohun amáyédẹrùn, gan-an ni wọ́n nílò rẹ̀ jù lọ.

Iṣẹ́ náà kò parun pátápátá. N.T.I. kò dúró, ó sì fi ẹ̀kọ́ N.C.E. kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 1990. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtìta ní 1988. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ni ó gba ojú ọ̀nà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ń gbé mátíréèsì àti sítóòfù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ọmọ bá wà ní họlidé. Ètò yìí kì í ṣe àtòkèèrèkọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àìní kan náà ni ó bí i.

6. Ìdìde Padà àti Ayé Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò àtijí yunifásítì náà dìde. Ọdún kan náà ni tẹlifóònù alágbèéká ti G.S.M. dé Nàìjíríà. Bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀, ohun tí ó ṣaláìsí ní 1984 ni ó ń wọlé bọ̀ yẹn. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ tó rí ẹ̀tọ́ gbà. Ìdènà wà lójú ọ̀nà wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin àti ètò àgùnbánirọ̀, títí di oṣù Kejìlá, 2018, nígbà tí a buwọ́ lu àtúnṣe òfin náà. Ẹni tí ó buwọ́ lù ú ni Ààrẹ Muhammadu Buhari. Ọwọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn ní 1984 ni ó ṣí apá tí ó kù ní 2018. Òpìtàn kò gbọ́dọ̀ gba irú èyí kọjá láìmẹ́nu bà á, nítorí ó fi hàn pé ohun tí ìjọba kan kà sí àṣejù lè di ohun tí ó bọ́ sí ipò láàárín ìran kan ṣoṣo.

Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò, àwọn yunifásítì òkè òkun ti ń fún ènìyàn láyè láti ka oyè kejì láti òkèèrè. Yunifásítì Birmingham, níbi tí John Sinclair ti darí iṣẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè COBUILD tí ó jáde ní 1987, wà lára wọn. Yunifásítì Leicester náà wà níbẹ̀. Ìdí tí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí fi tètè bọ́ sí ọ̀nà òkèèrè ni pé olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ́n ká gbogbo ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, páálí ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ó yá, íntánẹ́ẹ̀tì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìfìwéránṣẹ́: ìwé kíkà, ìjíròrò, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìpàdé pẹ̀lú alábòójútó wà lójú ibi kan náà.

Ní ilẹ̀ wa, àrùn kòrónà ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì sì gba nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìrírí méjèèjì, ẹni tí ó sọ pé ẹ̀kọ́ tòótọ́ kò sí níbi tí kò bá sí gbọ̀ngàn yóò ní láti ṣàlàyé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe nígbà tí gbọ̀ngàn bá wà ní títì.

7. Ibi tí Ọ̀rọ̀ Kan Èdè Yorùbá

Ó tó àkókò kí á padà sí ìyàtọ̀ tí a fà yọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ amúlò nílò ibi ìmúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ èdè ti jìnnà sí ohun tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Èyí tí ó kàwé láti ilé wà láàárín rẹ̀. Ní 1967, S. Pit Corder ti Edinburgh tẹ bébà kan jáde tí ó fi yé wa pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tí a ń gbá dànù. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ nípa bí èdè ṣe ń tò nínú orí rẹ̀. Kí á wo olùkọ́ Yorùbá kan ní Èkó tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ dípò "ẹ", nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Bí ó bá ń kọ àwọn àṣìṣe wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún sáà mẹ́ta, ó ti ní ohun èlò fún àpilẹ̀kọ oyè kejì, kò sì ná kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀. Lójú tiwa, èyí ni àǹfààní tí ó tóbi jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, òun ni a sì kì í sábà sọ.

Àwọn ìṣòro wà pẹ̀lú. Àkọ́kọ́ ni ohùn. Igbá, igba, ìgbà àti igbà: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já lórí ẹ̀rọ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni ohùn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣáájú, tí a fi ránṣẹ́, ṣeé gbọ́ ní ìgbà ogún, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi sínú ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń yàwòrán ìlọsókè-sódò ohùn, kí ó fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì lè jèrè níbi tí a rò pé yóò ti pàdánù, bí olùkọ́ bá múra sílẹ̀.

Ìkejì ni àkọtọ́. Láti 1974 ni a ti ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò bá wa dé ibẹ̀. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní àmì kọ̀ọ̀kan tí ó dá dúró. Ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. A ní láti fi àmì ohùn lé orí lẹ́tà tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀sọ̀ tẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ alábòójútó rẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó ti ṣí kúrò lórí fáwẹ̀lì, tàbí pẹ̀lú àpótí kékeré níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wà. Ọ̀pọ̀ a sì máa ju àmì náà nù. Ẹ̀kọ́ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò bá kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá ti kọ ilé láìfi ìpìlẹ̀ sí i.

Ìkẹta, òun ni ó wúwo jù, ni ohun tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ Yorùbá tí ó forúkọ sílẹ̀ ní òkè òkun yóò bá àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì pàdé láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Yóò kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ará Ṣáínà ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní láti yí i padà sí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ Èkó ní Yorùbá. Bí ó bá gbọ́n, yóò ṣe bí àwọn àgbà tí a dárúkọ ṣe. Ṣùgbọ́n Bámgbóṣé àti Fáfúnwá ní akẹgbẹ́ láyìíká wọn; ẹni tí ó ń kàwé nìkan ní yàrá rẹ̀ lè parí ẹ̀kọ́ náà kí ó má sì rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ Yorùbá nípa rẹ̀.

8. Ohun tí Ó Wà Nílẹ̀ Báyìí

Ní oṣù Kọkànlá, 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé èrò Ifẹ̀ ti 1970 ti jàre. Ní oṣù Kọkànlá, 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ ọmọ. Ọdún mẹ́ta péré ni ó lò.

Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1983 àti 1984 yóò mọ ojú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ohun tí ìjọba fi bébà gbé dìde, ìjọba lè fi bébà gbé e ṣubú. Àbọ̀ ìwádìí Ifẹ̀ nìkan ni bébà ìjọba kò lè fagi lé, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ka ọmọ, wọ́n dán ọmọ wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí ẹnì kan bá bi wá lónìí pé ẹ̀rí wo ni a ní láti ìpínlẹ̀ Yorùbá ti òde òní, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbọ́ Yorùbá, kí ni a ó mú jáde? Ènìyàn mẹ́wàá ní yunifásítì mẹ́rin kò lè kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ. Ọgọ́rùn-ún olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì, tí ó sì mọ ọ̀nà ìwádìí, lè kó o jọ.

9. Àgbálọgbábọ̀

Nínú bébà yìí, a ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ ti wà pẹ̀lú wa láti ayé lẹ́tà, àti pé àwọn tí a ń fi yangàn gbà á kọjá. A ti rí i pé ohun tí ó fún oyè ní iyì ni ìdánwò tí kò gba màgòmágó, alábòójútó tí ó ń ka iṣẹ́, àti ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ rí kà. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí kò sọ oyè di yẹpẹrẹ. Níbi tí wọn kò bá sí, gbọ̀ngàn olókùúta kò lè gba oyè là.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí àwọn ẹ̀ka èdè ní yunifásítì wa má ṣe dúró de ẹni tí yóò wá ṣe ẹ̀kọ́ yìí fún wa. Kí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ láti ṣe ẹ̀kọ́ oyè kejì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè amúlò, tí Yorùbá àti àwọn èdè Nàìjíríà yòókù yóò jẹ́ àpẹẹrẹ inú rẹ̀. Kí ohùn tí a gbà sílẹ̀ àti ìtẹ̀wé alámì wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìwádìí nínú kíláàsì tirẹ̀. Kí wọ́n sì máa pàdé lójúkojú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tí ó wà ní abúlé yóò lè gbé ìmọ̀ wọ kíláàsì rẹ̀ láìkúrò níbẹ̀, yóò sì tún gbé ẹ̀rí jáde láti inú kíláàsì náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òfin lé ọmọ lórí. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yóò ṣẹ, pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.